Yàrá abẹ́ ilé l'Èrúwà: onílé, rọra ná'wó!

Èrúwà kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ, torí náà làwọn mí-ìn ṣe ń kọ́ yàrá sábẹ́ ilé, tí ẹ̀yìn ẹ̀ á wọnú ilẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Poli ń wá yàrá, ta ni ò wá fẹ́ owó? Ká rẹ́ ẹ, ká kùn ún lọ́dà, ká lẹ táìsì, ó parí!

Kò tíì parí o. Òjò á rọ̀, ọ̀dà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ògiri á máa hu nǹkan funfun. Omi inú ilẹ̀ ló ń gba ara búlọ́ọ̀kù wọlé, ọ̀dà ò sì lè dá a dúró.

Gọ́tà ẹ̀yìn ilé ló yẹ kí owó kọ́kọ́ kàn, nàílọ́ọ̀nù lábẹ́ kọnkéré, àti fèrèsé tó fẹ̀. Kí yàrá ọ̀hún wá gba òjò ọdún kan ná. Bí ògiri bá gbẹ, kí wọ́n rẹ́ ẹ. Bí ò bá gbẹ, gaàrí pàápàá ò ṣe é kó síbẹ̀, ká má tíì sọ ọmọ ọlọ́mọ.