Bí Ọ̀pá Gíláàsì Ṣe Fi Ọ̀nà Abẹ́rẹ́ Ẹ̀yìn Hàn

Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí wọ́n ń gún fún obìnrin tí wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún kì í sábà ju mílílítà 2 sí 3 lọ. Síbẹ̀, ara á kú tiiri láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ títí dé orí ọmú. Inú omi tó yí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn ká ni oògùn náà ń bọ́ sí, ibi tó bá sì ṣàn dé ni ara ń kú dé.

August Bier ló kọ́kọ́ fi í ṣiṣẹ́ abẹ, ní ìlú Kiel ní Jámánì, lóṣù kẹjọ ọdún 1898. Láti ọdún 1891 ni Heinrich Quincke, tí òun náà wà ní Kiel, ti fi hàn pé abẹ́rẹ́ gígùn lè gba àárín eegun ẹ̀yìn wọlé lọ fa omi náà. Kokéènì mílígíráàmù 15 ni Bier fi sí i fún alágbàṣe kan tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ọkùnrin náà kò mọ ìrora, àmọ́ èébì àti ẹ̀fọ́rí tẹ̀ lé e. Bier ní kí igbákejì òun gún òun náà, ẹ̀fọ́rí sì dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Májèlé ni kokéènì. Ewu tó tún pọ̀ jù ni pé oògùn tó bá gòkè kọjá ààlà lè mú iṣan tí èèyàn fi ń mí kú.

Ní nǹkan bí ọdún 1904, Ernest Fourneau ṣe oògùn amárakú kan tó ń jẹ́ stovaine ní ilẹ̀ Faransé, ìyẹn sì rọrùn fún ara ju kokéènì lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ibi tí yóò ṣàn sí? Arthur Barker, oníṣẹ́ abẹ ní University College Hospital ní London, ló wá ìdáhùn, ó sì gbé e jáde lọ́dún 1907. Ó ní kí wọ́n tẹ ọ̀pá gíláàsì oníhò bí ọ̀pá ẹ̀yìn ṣe tẹ̀. Ó rọ omi kún un, ó pa oògùn láró kí ojú lè rí i, ó sì po gúlúkóòsì mọ́ ọn kó lè wúwo ju omi inú ẹ̀yìn lọ.

Bí èèyàn bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀yìn ìbàdí yọ sókè bí òkè, àárín èjìká sì jìn bí àfonífojì. Orí òkè yẹn ni abẹ́rẹ́ ń wọlé, nítorí náà oògùn tó wúwo á ṣàn síhà méjèèjì: apá kan lọ síhà ìdí, apá kejì lọ síhà àyà, tí yóò sì dúró nínú àfonífojì. Ìrọ̀rí lábẹ́ orí ni kò jẹ́ kó gun ọrùn. Ìdánwò yìí yẹ ní yíyìn gidigidi: kò ná èèyàn kankan lẹ́mìí, síbẹ̀ ó ti gba ẹ̀mí là. Títí di òní, gúlúkóòsì ṣì sábà máa ń wà nínú bupivacaine, oògùn amárakú tí wọ́n ń gún sí ẹ̀yìn.

Lóde awọ tó di omi inú ẹ̀yìn mọ́, ọ̀tọ̀ ni ìrìn oògùn. Níbi tí Fidel Pagés, dókítà ará Sípéènì, gún un sí lọ́dún 1921, ọ̀rá àti òpó ẹ̀jẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìwúwo kò fi bẹ́ẹ̀ jọba mọ́. Bí oògùn ṣe pọ̀ tó ló ń tì í lọ. Ara èèyàn kò sì rí bákan náà. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń mú òwú tútù, tí á fi kan itan, ikùn àti àyà, tí á máa béèrè pé, “Ṣé ó tutù?”, kó tó jẹ́ kí ọ̀bẹ kan ara.