Opó tó kọ́ ilé fún òrìṣà Kali

Létí odò Ganges, nítòsí Kolkata ní Íńdíà, ni tẹ́ńpìlì Dakshineswar wà. Opó olówó kan, Rani Rashmoni, ló kọ́ ọ. Wọ́n ní lọ́dún 1847, ó ń múra àtilọ sí ìlú mímọ́ Varanasi nígbà tí Kali yọ sí i lójú àlá pé kó má lọ mọ́, kó kọ́lé fún òun létí odò náà.

Ilé parí, àwọn àlùfáà kọ̀: ìran obìnrin yìí kò ga tó lójú wọn. Àwa rò pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti le jù, àbí ta ni yóò bọ òrìṣà? Ramkumar ló gbà á nímọ̀ràn pé kó fi ilé náà ta àlùfáà kan lọ́rẹ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣí i lọ́dún 1855. Ramkumar fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe àlùfáà níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Ramakrishna, ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.