Nọ́ńbà kan ṣoṣo lè ba ìpíndọ́gba jẹ́: Kí ni kí a ṣe sí èyí tó yapa?

Ká ní òṣìṣẹ́ kan béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ márùn-ún ní agbègbè Adégbayì, n'Íbàdàn, pé tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ mélòó ni wọ́n wú lórí hẹ́kítà kan. Wọ́n ní 8, 9, 10, 11 àti 12. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 10. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òṣìṣẹ́ náà ṣèèṣì fi òdo kún èyí tó gbẹ̀yìn lórí kọ̀ǹpútà: 12 di 120. Lójú ẹsẹ̀, ìpíndọ́gba fò di 31.6, iye tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn márààrún kò wú rí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mú nọ́ńbà tó yapa?

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́ nílé ìwé ni láti ṣírò bí àwọn nọ́ńbà ṣe fọ́n ká sí ìpíndọ́gba, kí wọ́n sì fura sí èyí tó bá jìnnà ju ìlọ́po mẹ́ta ìfọ́nká yẹn lọ. Níbí, ìfọ́nká jẹ́ 49.4, 120 sì fi 88.4 jìnnà sí ìpíndọ́gba. Kò tó ìlọ́po méjì pàápàá. Afurasí fúnra rẹ̀ ló fa òṣùwọ̀n gùn, ó sì sá sábẹ́ rẹ̀.

Nọ́ńbà àárín kò ṣeé tàn bẹ́ẹ̀. Ẹ tò wọ́n láti kékeré dé ńlá: 10 ló wà láàárín, ì báà jẹ́ 12 tàbí 120 ló gbẹ̀yìn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí 10 ni 2, 1, 0, 1 àti 110. Nọ́ńbà àárín àwọn ìjìnnà yìí jẹ́ 1. Ọ̀ràn 120 ti tú síta nìyẹn.

Lọ́dún 1964, Peter Huber, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Switzerland, gbé ọ̀nà mìíràn jáde: kí nọ́ńbà tó sún mọ́ àárín ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní kíkún, kí a sì dín agbára èyí tó jìnnà kù, láì lé e jáde.

Ṣé àṣìṣe ni gbogbo ohun tó yapa?

Rárá. Oṣù Kẹjọ ni òjò sábà máa ń sinmi díẹ̀ nílẹ̀ wa. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Akínyẹlé, wọn òjò mìlímítà 187.5. Kọ̀ǹpútà tó bá ń pa ohun tó yapa rẹ́ ì bá ka òjò yẹn sí àṣìṣe. Àmọ́ omi gbé afárá lọ n'Íbàdàn, ẹ̀mí tó lé ní 100 sì bọ́.

Níhìn-ín, nọ́ńbà àárín gan-an lè tan ni jẹ. Ọjọ́ tí òjò kì í rọ̀ n'Íbàdàn pọ̀ ju ọjọ́ tó ń rọ̀ lọ láàárín ọdún, nítorí náà òdo ni nọ́ńbà àárín òjò ojúmọ́. Ta ni yóò fi òdo kọ́ afárá?

Iṣẹ́ ọgbọ́n ìṣirò yìí ni láti nawọ́ sí nọ́ńbà tó yapa. Ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, àgbẹ̀ tó ni oko, tàbí ibùdó mìíràn tó wọn òjò lọ́jọ́ kan náà ló lè sọ bóyá irọ́ ni tàbí òótọ́. Bí wọ́n bá gbé ìpíndọ́gba síwájú yín, ẹ béèrè nọ́ńbà àárín pẹ̀lú. Bí méjèèjì bá jìnnà síra, ẹ ní kí wọ́n fi gbogbo àkọsílẹ̀ náà hàn yín.