Ilé Àyágbé: Ẹ Má Jẹ́ Kí Ó Jẹ Owó Ìsọ̀ Yín

Ìyá aláṣọ kan wà tí mo mọ̀ dáadáa. Ìsọ̀ rẹ̀ kún, oníbàárà rẹ̀ pọ̀. Ó rí ilẹ̀ rà, ó sì kó gbogbo owó ọjà lé ilé tí ó fẹ́ máa fi gba owó lọ́wọ́ ayálégbé. Ilé náà dé orí lẹ́ńtẹ̀lì, owó tán. Nígbà tí ó padà sọ́jà, igbá rẹ̀ ti ṣófo, àwọn oníbàárà sì ti yà sí ìsọ̀ kejì. Alángbá ni ó kọ́kọ́ di ayálégbé rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, kò sí ẹni tí kò fẹ́ kí a pe òun ní onílé. Ṣùgbọ́n kí a tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣírò.

Ká ní ilé oníyàrá-àti-pálọ̀ mẹ́fà ná wa ní mílíọ̀nù 18 náírà, pẹ̀lú owó ilẹ̀. Bí ayálégbé kọ̀ọ̀kan bá ń san 200,000 náírà lọ́dún, 1,200,000 náírà ni yóò máa wọlé. Ọdún 15 gbáko ni owó wa yóò fi padà, bí yàrá kankan kò bá ṣófo rí, tí òrùlé kò sì jò rí. Ta ni ó ti rí irú ilé bẹ́ẹ̀?

Bí a bá yá owó náà ní báńkì ńkọ́? Ní oṣù November 2024, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa gbé ìwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5 nínú 100. Bí a bá yá mílíọ̀nù 18 ní irú iye bẹ́ẹ̀, èlé ọdún kan yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 5. Èlé nìkan ni o, a kò tí ì kan ojú owó! Owó ilé 1,200,000 kò lè gbé ẹrù yẹn.

Ẹ̀yin olùkọ́ lè ní, "Owó ìkọ́lé tí ìjọba ń yọ nínú owó oṣù wa ńkọ́?" Èlé rẹ̀ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n nítorí ẹni tí yóò gbé inú ilé ara rẹ̀ ni a ṣe dá a sílẹ̀, kì í ṣe nítorí ilé àyágbé.

Kí ni ṣíṣe? Àgbẹ̀ kì í jẹ irúgbìn. Èrè ọjà ni kí ẹ fi kọ́lé, ẹ má fi ọwọ́ kan owó tí ó ń yí ọjà. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yín dára láti yáwó níbẹ̀, nítorí èlé wọn a máa rọrùn. Ẹ kọ́ yàrá méjì, kí ayálégbé wọlé, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ èkejì. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Kí ìwé ilẹ̀ sì pé kí búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ tó balẹ̀.

Bí ilé bá parí, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ ya ìwé owó ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé owó ọjà. Nínú 10 náírà tí ó bá wọlé, ẹ fi 2 pamọ́ fún àtúnṣe àti fún ìgbà tí yàrá bá ṣófo. Ẹ béèrè iṣẹ́ ayálégbé kí ẹ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ kọ ìwé àdéhùn. Ẹ má gba owó láìkọ rìsíìtì.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ó kúrò, ẹ má ṣí òrùlé lé e lórí. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 fi ìyà sí i fún onílé tí ó bá fi ipá lé ayálégbé. Bí ìwé àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, òfin náà fún ẹni tí ń san owó lóṣooṣù ní ìkìlọ̀ oṣù kan, ó sì fún ẹni tí ń san lọ́dọọdún ní oṣù mẹ́fà.

Nítorí náà, ẹ mú ìwé àti bírò lálẹ́ òní. Ẹ kọ iye tí ilé yóò ná yín, iye tí yóò mú wọlé, àti èlé tí ẹ óò san. Bí èlé bá ju owó ilé lọ, ẹ fọwọ́ mọ́ ìsọ̀ yín ná. Ìsọ̀ tí ó bọ́ yín dé òní ni yóò kọ́ ilé náà bí àkókò bá tó.