Oúnjẹ Ojú Ọ̀nà: Láti Ẹnu Géètì Wa Dé Lómè àti Lọ́ńdọ̀nù

Akọ̀wé yín ni mo tún dé o.

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ń ná ọjà aṣọ láti ìgbà ọmọge, mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwa obìnrin ọlọ́jà ló ń gbé ebi rìnrìn àjò. A ó so owó mọ́ ìdí, a ó wọ mọ́tò ní ìdájí, omi inú ọ̀rá kan àti bisikíìtì ni a ó fi dé Kùtọnu. Bí èèyàn bá ní kí á yà jẹun, a ó ní owó ọjà ni, a ò fẹ́ ná an. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni yóò wá ná owó náà bí ebi bá dá wa dúbúlẹ̀?

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n sọ díẹ̀ nínú oúnjẹ tí mo ti jẹ káàkiri, nílé àti lẹ́yìn odi, àti ohun tí ojú mi rí nídìí ìkòkò ẹlòmíràn. Ó kan ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ parí ní ìpàdé gbogbogbòò wa tó ń bọ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àwọn olóúnjẹ ẹnu géètì tí àwọn kan ní kí á lé. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí.

NÍLÉ NÍHÌN-ÍN

Ẹni tó bá ń ná ọjà kiri ilẹ̀ Yorùbá, tí ebi bá pa á, òun ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Ìbàdàn, àmàlà dúdú, gbẹ̀gìrì àti ewédú, kí wọ́n da ọbẹ̀ ata lé e lórí. Ẹ dé Abẹ́òkúta, àmàlà láfún funfun ni àwọn Ẹ̀gbá yóò gbé síwájú yín. Ẹ yà sí Ìjẹ̀bú, ìkọ́kọrẹ́ ń bẹ níbẹ̀, iṣu ewùrà tí wọ́n rin, tí wọ́n sè pẹ̀lú epo àti ẹja gbígbẹ. Ìrẹsì ọ̀fàdà tí gbogbo ayé ń jẹ nínú ewé, orúkọ ìlú Ọ̀fàdà ní ìpínlẹ̀ Ògùn ló ń jẹ́. Ọbẹ̀ ayamáṣe tí wọ́n ń fi jẹ ẹ́, Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ ló ti gbajúmọ̀. Iyán Èkìtì ńkọ́? Ẹnu mi kò gba ìròyìn rẹ̀, ẹni tó bá jẹ ẹ́ ló mọ̀ ọ́n.

Báwo ni a ṣe ń mọ búkà tó dára níbi tí a kò dé rí? Kì í ṣe aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì ni kí ẹ wò. Ẹ wo ibi tí àwọn awakọ̀ tó ń gba ọ̀nà náà lójoojúmọ́ ń dúró sí, wọn kì í jẹ oúnjẹ tó ti sùn. Ẹ wo ìkòkò bóyá ó ń hó. Ẹ wo omi tí wọ́n fi ń fọ abọ́, bóyá wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ tó ń gba owó, bóyá òun náà ni wọ́n fi ń gbé ẹran. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024 tí àrùn onígbáméjì jà l'Ékòó, oúnjẹ àti omi tí kò mọ́ ló ń gbé e wọ ara. Oúnjẹ gbígbóná àti omi tó mọ́, ààbò ni.

KÙTỌNU

Àwọn tó dàgbà nínú wa mọ̀ pé Dàhómì ni a ń pe ilẹ̀ Benin títí di ọdún 1975. Ìjọba pààrọ̀ orúkọ, ṣùgbọ́n ìkòkò kò pààrọ̀. Bí ẹ bá kọjá Sẹ̀mẹ̀, ẹ ó bá àwọn obìnrin tí wọ́n gbé àtẹ kalẹ̀ bíi tiwa. Àkàrà wà níbẹ̀, "àtà" ni àwọn Fọ̀n ń pè é. Ẹ̀kọ wà níbẹ̀ nínú ewé, wọ́n ń pè é ní akassa. Ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, atassi ni. Pọ́fúpọ́fù wa, "yovo doko" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé àkàrà òyìnbó. Mo rẹ́rìn-ín títí ní ọjọ́ tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ìyá tó ń dín in kò jọ òyìnbó rárá.

Èyí tó wù mí jù ni amiwo. Ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n fi omi ẹran adìyẹ àti tòmátì rò, ó pọ́n fòò, wọ́n á wá gbé adìyẹ díndín tì í. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ lọ ní ẹ̀bà tí wọ́n da epo sí ni. Nígbà tó tọ́ ọ wò, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ títí abọ́ fi mọ́.

Ẹ má bẹ̀rù èdè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tajà ní Dantokpa ló gbọ́ Yorùbá, nítorí ọmọ Àjàṣẹ́, ọmọ Kétu àti ọmọ Sábẹ̀ẹ́ pọ̀ láàárín wọn. Bí ẹ bá pàdé ẹni tí kò gbọ́, ẹ ní "Nabi?", èló ni. Ẹ béèrè iye kí wọ́n tó bu oúnjẹ. Owó séfà kan náà ni wọ́n ń ná ní Benin àti ní Tógò, nítorí náà ẹ ṣẹ́ kéékèèké sọ́wọ́ fún oúnjẹ, kí ẹ má bàa tú ìdì owó ọjà láàárín èrò.

Nígbà tí ìjọba wa ti bọ́ọ̀dà láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, àwa aláṣọ ké, oníìrẹsì ké. Ta ló rántí àwọn olóúnjẹ ojú ọ̀nà yẹn? Bí mọ́tò kò bá kọjá, ta ni yóò ra àkàrà? Ọlọ́jà ni wọ́n, bíi tiwa.

LÓMÈ

Láti Kùtọnu, ọ̀nà etí òkun la ń gbà lọ sí Lómè. Bí mọ́tò bá dé Comè, ẹ na ojú síta, ẹ ó rí ablo. Àgbàdo àti ìrẹsì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó funfun, ó rọ̀ bí òwú, ó dùn díẹ̀díẹ̀, ooru ni wọ́n fi ń sè é. Ẹja díndín àti ata lílọ̀ ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́.

Ní Lómè gan-an, wọ́n ní fùfú ni àwọn fẹ́ gbé fún wa. Ẹnìkejì mi yarí. Ó ní òun kò lè ti Ìbàdàn wá jẹ fùfú ẹ̀gẹ́, òórùn rẹ̀ kò bá òun lára mu. A gbọ́ tí wọ́n ń gún nǹkan lẹ́yìn ilé, gbì, gbì, odó kan, obìnrin mẹ́ta, ọmọ odó mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, iyán ni! Iyán iṣu funfun báláú, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà. Iyán ni wọ́n ń pè ní fùfú lọ́dọ̀ tiwọn. Ẹni tó ní òun kò jẹ ló béèrè àfikún.

Ní ọjọ́ kejì, ọbẹ̀ adémè ni. Bí mo ti ṣí i, ewédú ni! Àwọn Éwé a máa sè é pẹ̀lú ẹja àti ata, wọn a sì fi ọkà àgbàdo jẹ ẹ́.

Ìlú yìí ni àwọn tí wọ́n ń pè ní Nana Benz ti la, àwọn obìnrin tó ta áńkárá Họ́láńdì títí wọ́n fi ń gun mọ́tò Mercedes. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, iná jó ọjà ńlá wọn. Ọlọ́run má jẹ́ kí á rí irú rẹ̀.

LỌ́ŃDỌ̀NÙ

Ọmọ mi bímọ, mo lọ wẹ ọmọ. Ní Peckham, iṣu, ẹ̀fọ́, ẹja gbígbẹ àti epo pupa wà lórí àtẹ bí ẹni pé Bódìjà ni mo wà. Búkà wa náà wà níbẹ̀, wọ́n ń ta àmàlà fún ẹni tó wọ kóòtù. Mo jẹ oúnjẹ tiwọn pẹ̀lú, ẹja tí wọ́n fi ìyẹ̀fun bò dín àti ọ̀dùnkún díndín. Wọ́n wọ́n iyọ̀ sí i, wọ́n wá da ọtí kíkan lé e. Ó ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n ata ni mo ń wá kiri.

Ohun tó jọ mí lójú jù kì í ṣe oúnjẹ. Wọ́n lẹ nǹkan pélébé kan mọ́ ilẹ̀kùn ilé oúnjẹ, nọ́mbà wà lára rẹ̀, láti 0 dé 5. Ọmọ mi ní àwọn òṣìṣẹ́ kánsù ló máa ń wá yẹ ibi ìdáná wò, tí wọ́n á fún un ní máàkì gẹ́gẹ́ bí ó ṣe mọ́ tó. Ọdún 2010 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀. Búkà wa tó gba 5 ń fi yangàn. Wọn kò ní kí olóúnjẹ káńgárá rẹ̀ kúrò, wọ́n ní kó tún ibẹ̀ ṣe.

BÀHÍÀ

Èmi kò tíì dé Brazil, ṣùgbọ́n ẹni tó dé ibẹ̀ ròyìn fún mi. Ní Bàhíà, àwọn obìnrin wọ aṣọ funfun, wọ́n wé gèlè, wọ́n jókòó sí ìgboro, wọ́n ń dín àkàrà nínú epo pupa. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á ki ata àti edé gbígbẹ sí i nínú. Èyí tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì sè, abará, ọ̀lẹ̀lẹ̀ wa ni.

Àwọn ìyá wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e débẹ̀. Wọ́n ń kiri oúnjẹ, àwọn kan nínú wọn sì ń tọ́jú owó náà títí wọ́n fi ra ara wọn padà, kí oko ẹrú tó dópin níbẹ̀ ní ọdún 1888. Ní ọdún 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ alákàrà sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun ìní orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń múra ìdíje bọ́ọ̀lù ní ọdún 2013, wọ́n fẹ́ lé àwọn alákàrà kúrò nítòsí pápá ìṣeré. Àwọn obìnrin náà ní ẹgbẹ́ bíi tiwa. Wọ́n kó ara wọn jọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn bá wọn fọwọ́ sí ìwé, wọ́n sì gbà kí díẹ̀ nínú wọn tà níbẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ ẸNU GÉÈTÌ WA

Ó wá kù sílé. Àwọn tó ní kí á lé ìyá alákàrà, olóògì àti ìyá oníìrẹsì ní ìdọ̀tí wọn pọ̀, wọ́n sì ń dí ọ̀nà. Òótọ́ ni, mi ò ní purọ́. Omi ìfọbọ́ ń dà sójú ọ̀nà, ewé ń fò kiri. Ṣùgbọ́n kí la fún wọn rí? Ẹ̀rọ omi kò sí lọ́dọ̀ wọn, kò sí ibi ìdalẹ̀nù, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń san owó ìtẹ́ lójoojúmọ́. Bí a bá lé wọn, ta ni yóò bọ́ alábàárù tó ti ń ru ẹrù wa láti aago márùn-ún àárọ̀? Oníbàárà tó ti Ìṣẹ́yìn wá, ṣé kó ra aṣọ tán kó máa fi ebi padà lọ?

Èrò tèmi nìyí, kí ẹ gbé e yẹ̀ wò. Kí á fún wọn ní àyè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi, kí ọ̀nà mọ́tò lè là. Kí ẹgbẹ́ yọ owó fa omi débẹ̀, kí àwọn náà dá díẹ̀ sí i. Kí á gbé agbádá ìdọ̀tí méjì kalẹ̀. Kí á yan ìyá mẹ́ta tí yóò máa yẹ ìkòkò àti omi wọn wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tó mọ́, kí á kọ ọ́ síbi tí gbogbo ọjà yóò ti rí i. Èyí tí kò bá mọ́, kó dáná dúró títí yóò fi tún un ṣe.

Ọmọdé tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ló ń ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Mo ti dé oko àwọn ẹlòmíràn, mo sì ti jẹ níbẹ̀. Níbi gbogbo tí ọjà ti ń tà dáadáa, iná ìyá olóúnjẹ ń jó nítòsí.

Ẹ má gbàgbé ìpàdé o. Ẹ jẹun kí ẹ tó wá, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọjà á tà o, àṣẹ.