Ijó Ìyàwó Tó Ń Há

Ìyàwó á gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ẹsẹ̀ á dúró lókè, orin á sì máa lọ. Nígbà tí àwòrán bá fi máa tún mira, ìyàwó ti fò dé iwájú ìyá ọkọ rẹ̀. Ohun tí àbúrò mi obìnrin ń rí lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko nìyí. Fídíò ìgbéyàwó àti ti òkú àgbà ló ń gé tó ń tò, DaVinci Resolve ló sì fi ń ṣe é. Tó bá ti fẹ́ tún àwọ̀ aṣọ ẹbí ṣe báyìí, ẹ̀rọ náà á kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé mẹ́mọ́rì GPU ti kún. Ìyá ìyàwó ti pè títí, ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n lórí fóònù. Ọkàn mi ò gbà á mọ́. Láàárọ̀ Sátidé, a gbé kọ̀ǹpútà náà sẹ́yìn ọkọ̀, ó di Computer Village n'Ìkẹjà.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ rà?" Bí àwọn ọmọ tó ń pe oníbàárà ṣe ń fà wá lápá nìyẹn látìgbà tí a ti dé ojú títì Otigba. A ò dá wọn lóhùn. Ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe là ń lọ. Ẹnjiníà ni gbogbo wọn ń pè é níbẹ̀. Kò béèrè iye tó wà lọ́wọ́ wa. Ìdérí ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ ṣí, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku tó tó ẹ̀kúnwọ́ kan jáde, ó wá nàka sábẹ́ fáànù tó wà láàárín.

"GPU tó ń ya àwòrán fún yín, inú ibí yìí ló wà."

Core i5-6500 ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà, inú rẹ̀ ni Intel sì kó GPU náà, HD Graphics 530, sí. Kò ní mẹ́mọ́rì tirẹ̀. Nínú RAM 8 GB tí gbogbo iṣẹ́ yòókù ń jẹ ló ti ń bù. Ẹnjiníà ní ó dà bí ayálégbé tí kò ní ìkòkò, tó jẹ́ pé ìkòkò ìyá onílé ló fi ń sebẹ̀: bí ìyá onílé bá ń se tirẹ̀ lọ́wọ́, ebi ni. Ẹyọ RAM kan ṣoṣo tó wà nínú tiwa ń gbé nǹkan bíi GB 17 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Káàdì àwòrán bíi GeForce GTX 1650, tó ní mẹ́mọ́rì tirẹ̀, ń gbé 128, òun nìkan ló sì ń lò ó.

Àmọ́ kì í ṣe òun ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá. Ẹni tó ń tajà nítòsí gbé káàdì tòkunbọ̀ ńlá kan dé, onífáànù méjì, owó rẹ̀ sì wọ̀ wá lójú. Ẹnjiníà yí kọ̀ǹpútà wa sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sára páwà páàkì. Wáàtì 240. Ihò PCIe tí káàdì ń wọ̀ kò gbọdọ̀ fún un ju wáàtì 75 lọ. Káàdì tó bá ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba wáyà tirẹ̀ tààrà láti ara páwà páàkì, tiwa ò sì ní wáyà bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà ní òun á fi wáyà àsomọ́ kan sí i lọ́fẹ̀ẹ́.

"Rárá o," ni Ẹnjiníà wí. "Wáyà yẹn máa ń yọ́. Ilé lè jó."

Ó lè dákẹ́, kó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, kó jẹ́ ká máa lọ. Títí di òní ni mo ń dúpẹ́ pé kò ṣe bẹ́ẹ̀. GTX 1650 la rà, tuntun nínú páálí. Ọdún 2019 ló jáde, ó ní 4 GB tirẹ̀, wáàtì 75 náà ló ń jẹ, èyí tí a mú kò sì fẹ́ wáyà kankan. Ẹnjiníà fi rúlà wọn àyè inú ẹ̀rọ kó tó jẹ́ ká sanwó. Ó tún ní ká fi RAM 8 GB mìíràn kún un, torí káàdì nìkan ò lè gbé gbogbo ẹrù náà. A fi kún un.

Ó yọ wáyà iná, ó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan sí i kí iná tó kù nínú ẹ̀rọ lè tán. Ó fọwọ́ kan irin ara rẹ̀ kó tó ya ọ̀rá káàdì, nítorí iná tó wà lára èèyàn lásán lè ba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ó tú irin pẹlẹbẹ méjì kúrò lẹ́yìn. Etí káàdì náà ní eyín aláwọ̀ wúrà, tín-ín-tín, wọ́n tò bí eyín ìyarun. Ó gbé e ka ihò, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ bọ́gba. Kẹ́! Ìkọ́ kékeré tó wà ní ìdí ihò dì í mú. Ó fi sìkúrù dè é.

A tan iná. Fáànù yí, ojú mọ́nítọ̀ dúdú kirikiri. Àbúrò mi dì mí lápá mú, àyà mi náà já. Ẹnjiníà kan wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni: ojú ihò àtijọ́ ni mo ki okùn HDMI bọ̀. Ó fà á yọ, ó fi sára káàdì, àwòrán yọ, lẹ́tà rẹ̀ tóbi gbàgìdì. Ó kù ká wa dráífà jáde láti orí ìkànnì NVIDIA. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rọ invẹ́tà gbé wa ró.

Nígbà tó parí, àbúrò mi jókòó sórí àpótí, ó ṣí Resolve, ó wọ inú ètò rẹ̀, ó yan káàdì tuntun náà. Ó wá ibi ijó yẹn kàn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wa. Ìyàwó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ bí ìyáàlù ṣe dún gan-an.