Ajá Tó Ń Jẹ Àkàrà Nídìí Èṣù

Nílé onísẹ̀ṣe tó bá ní ajá, ìdí Èṣù ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Nílé àwọn mìíràn, ìkòkò ọbẹ̀ nìkan ni ajá ń ṣọ́. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Yangí wà lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló sì wà, níbi tí imú ajá wà gan-an. Ẹ ta epo sí i, ẹ gbé àkàrà síwájú rẹ̀, ẹ fi ẹ̀kọ tì í, ẹ wá ní kí ẹranko tó ń gbóòórùn eegun láti ẹ̀yìnkùlé kẹta má wo ibẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni ẹ gbé fún un o.

Ajá tiwa níhìn-ín ní Ayétòrò, Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀. Ìyá wa àgbà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí aládùúgbò kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn wọ́n. Ẹ ṣáà mọ̀ pé àwọn àgbà wa máa ń fi orúkọ ajá sọ ohun tí wọn ò fẹ́ sọ sí ènìyàn lójú. Ajá ilẹ̀ wa ni, onírun kúkúrú, ó pupa díẹ̀, ìrù rẹ̀ ká sókè. Kò tóbi, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ó mọ ìró ọ̀kadà ẹ̀gbọ́n mi yàtọ̀ sí ti gbogbo àdúgbò. Ó mọ̀ pé ìkòkò tí wọ́n bá fi pákó dé, láti ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ń fi imú tì í. Bí ó bá di ọjọ́ ọ̀sẹ̀, yóò lọ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn àmù, yóò dijú bí ẹni tó ń sùn, títí Baálé yóò fi ṣe ìwúre tán tí gbogbo wa yóò dìde. Kí a tó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, àkàrà ti lọ.

Ohun tí àwọn ọmọ kọ́kọ́ ń bi wá ni pé ṣé ẹbọ bàjẹ́ tí ajá bá jẹ ẹ́. Ohun tí Baálé ń sọ nílé tiwa ni pé bí obì bá ti yàn, ohunkóhun tó bá wá jẹ ẹ́ lẹ́yìn náà, ìbáà ṣe adìẹ, ewúrẹ́ tàbí èèrà, kò sí ìjà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí obì tó yàn, ajá kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Ilé mìíràn lè ní èèwọ̀ tó le ju èyí lọ, kí oníkálukú bi àgbà ilé rẹ̀. Èyí tí mo ń wí ni pé àkókò wà nínú ọ̀rọ̀ náà: ìgbà kan wà tí jíjẹ rẹ̀ jẹ́ olè, ìgbà kan sì wà tí kò jẹ́ nǹkan kan. Ajá lè kọ́ ìyàtọ̀ yẹn. Ẹni tó máa fara balẹ̀ kọ́ ọ ló ṣọ̀wọ́n.

Ohun tí a mọ̀ jù ni pàṣán. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án, wọ́n á gbọ́ pé Tanímọ̀la tún jalè láàárọ̀, wọ́n á wọ́ ọ jáde lábẹ́ àga, ó di nínà. Ajá á ká ìrù sábẹ́, á wolẹ̀, á máa lá ètè. “Ẹ ò rí i? Ó mọ̀ pé òun jẹ̀bi!”

Kò mọ nǹkan kan. Ní ọdún 2009, obìnrin onímọ̀ kan, Alexandra Horowitz ti Barnard College ní New York, fi ajá 14 wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Olówó ajá á ní kí ajá má jẹ ohun dídùn kan, á sì jáde nínú yàrá. Nígbà mìíràn ajá á jẹ ẹ́. Nígbà mìíràn kò ní jẹ ẹ́ rárá, ṣùgbọ́n wọ́n á purọ́ fún olówó rẹ̀ pé ó ti jẹ ẹ́. Ojú ẹlẹ́ṣẹ̀ tí à ń wí yìí, ìgbà tí olówó ajá bá bá a wí ló ń yọ, yálà ajá jẹ tàbí kò jẹ. Kódà àwọn tí wọ́n bá wí láìṣẹ̀ ni ojú wọn rẹlẹ̀ jù. Ìbínú wa ni ajá ń kà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀. Ẹgba ọ̀sán fún olè àárọ̀, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló kọ́ Tanímọ̀la: bí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá ti ilé ìwé dé, sá.

Ajá tó bá ti ń sá wọ abẹ́ àga, ẹni tó bá nawọ́ sí i níbẹ̀ ti fi ọwọ́ sẹ́nu ẹ̀rù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ọmọ aládùúgbò kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ, rí i bí àwọn ẹ̀gbọ́n ṣe ń wọ́ ọ jáde, òun náà nawọ́. Tanímọ̀la gé e jẹ ní ọrùn ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ jáde.

Agbolé dàrú. Àwọn ọ̀dọ́ ti mú àdá. Ọ̀kan nínú wọn ní kí a kúkú fi bọ Ògún, ṣebí oúnjẹ Ògún náà ni. Baálé ò dìde lórí àga. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, Ògún kì í ṣe ọlọ́pàá yín. Ajá tí a ó fi bọ Ògún, ọ̀wọ̀ la fi ń mú un débẹ̀. Èyí tí inú ń bí yín sí lẹ fẹ́ gbé fún un, ẹ wá ní ẹbọ lẹ ṣe?” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n tún ní, “Tí ẹ bá pa á nísinsìnyí, ta ló máa wá sọ fún wa bóyá ara rẹ̀ dá?”

Ọ̀rọ̀ kejì yẹn ni mo fẹ́ kí gbogbo ilé gbé yẹ̀ wò. Dìgbòlugi ni wọ́n ń sọ. Nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù pé ó ń pa lọ́dọọdún, ní Éṣíà àti Áfíríkà jù lọ, ajá ló sì ń fà á fún èyí tó pọ̀ jù. Nínú ènìyàn 10 tó ń kú, bíi mẹ́rin jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Tí àrùn náà bá ti fara hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é. Ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó fara hàn, oṣù méjì sí mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà àyè wà láti dènà rẹ̀ bí a bá tètè ṣe é. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn la fi fọ ojú egbò ọmọ náà fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má ṣe rò pé ó pọ̀ jù, iye tí àwọn dókítà ní kí a fi fọ̀ ọ́ nìyẹn. A ò fi epo sí i, a ò fi ìyẹ̀fun kankan dí i. Ọjọ́ náà gan-an la gbé e lọ sílé ìwòsàn, abẹ́rẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ láìdúró de ohun tí ajá máa dà.

Ajá ní tirẹ̀, a so ó mọ́lẹ̀, a ń fún un lóúnjẹ àti omi, a sì ń wò ó fún ọjọ́ 10. Ajá tó bá ní dìgbòlugi lẹ́nu lọ́jọ́ tó géni jẹ, kí ọjọ́ 10 yẹn tó pé, àìsàn á ti hàn lára rẹ̀ tàbí kó kú. Èyí tí wọ́n bá ti pa lójú ẹsẹ̀ kò lè jẹ́rìí mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó dúńbú ajá aláìsàn pẹ̀lú egbò lọ́wọ́, itọ́ àti ọpọlọ ajá náà lè kó o ràn án. Ẹ̀yin ọmọ Ògún tí ẹ ń lo ọ̀bẹ, ẹ gbọ́ o.

Ara Tanímọ̀la dá, ara ọmọ náà sì dá.

Lẹ́yìn náà ni Baálé pe gbogbo ilé jọ, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde sì pa wá lẹ́rìn-ín. Bí ajá bá ń sún mọ́ ìdí Èṣù, ìyá wa àgbà á ní “Kúrò níbẹ̀!” Àwọn ọmọ á ní “Tani, stop!” Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi á ní “Ṣé o ò létí ni?” Ọmọ àbúrò mi tó ti ṣiṣẹ́ ní Kútọnu rí á sì ní “Alé!” Lóòótọ́ ẹ̀bá ẹnubodè la wà, ṣùgbọ́n ajá kì í ṣe kọ́sítọ́ọ̀mù tó yẹ kó gbọ́ èdè mẹ́ta. A fẹnu kò sí ọ̀rọ̀ méjì: “Dúró” àti “Ó yá.” Ẹni tó bá sọ òmíràn yóò pọnmi kún àmù. Ìyá wa àgbà ló kọ́kọ́ pọn ọ́n. Rárá o, wọ́n rán ọmọ.

Bí a ṣe kọ́ ọ nìyí. Mo fi èérún àkàrà sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, mo ní “Dúró.” Ó fi imú tì mí, ó fi ẹsẹ̀ ha ọwọ́ mi, mi ò sọ̀rọ̀. Bó ṣe fa ẹnu sẹ́yìn báyìí, kíá, “Ó yá,” mo fi ọwọ́ kejì fún un ní ẹja gbígbẹ, tó dùn ju àkàrà lọ. Kíá yẹn ni gbogbo iṣẹ́. Tí ẹja bá pẹ́ díẹ̀, ohun mìíràn tó ń ṣe lásìkò náà ló máa rò pé a fi ń yìn ín. Àwọn ọdẹ ti mọ èyí tipẹ́: ajá tó lé ọ̀yà jáde, nínú igbó níbẹ̀ ló ti ń jẹ ìpín tirẹ̀. Nígbà tó mọ̀ ọ́n ní ẹ̀yìnkùlé, a lọ síwájú yangí tí kò sí nǹkan níbẹ̀, lẹ́yìn náà pẹ̀lú epo, lẹ́yìn náà pẹ̀lú àkàrà. Àárọ̀ ìṣẹ́jú 10, ìrọ̀lẹ́ ìṣẹ́jú 10. Tó bá ṣì í, a gbé oúnjẹ kúrò, a so ó sí ẹ̀yìnkùlé fún ìgbà díẹ̀. Ìyà rẹ̀ náà nìyẹn, ó sì dùn ún ju pàṣán lọ.

Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀, ó máa ń jẹun yó kí a tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ò rò pé ó yẹ ká máa fi ebi dán ajá wò nídìí òrìṣà.

Ẹ má sì pe ajá wá kí ẹ tó nà án. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹ bi ọdẹ, yóò sọ fún yín pé láti kékeré ajá, oúnjẹ ló ń bá fèrè rìn. Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́nà Ìlaròó, tí tírélà sìmẹ́ńtì ń ti Ìbèsè kọjá lẹ́nu ilé yín, ẹ mọ ohun tí mò ń wí: ajá tí orúkọ rẹ̀ ti di ìkìlọ̀ ẹgba, tí ẹ bá pè é lójú títì, yóò sá síwájú ni.

Ìyókù jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 2011, wọ́n tẹ ìròyìn ajá kan jáde ní Amẹ́ríkà, Chaser, tí olówó rẹ̀ John Pilley kọ́ ní orúkọ ohun ìṣeré 1,022, tó sì ń lọ mú èyí tí wọ́n bá dárúkọ. Tanímọ̀la kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orí tó lè gba ìdá kan nínú ìyẹn, tí a wá fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ dalẹ́, kí la rò pé yóò máa ṣe? Ní báyìí, ó ń bá ẹ̀gbọ́n mi lọ sóko ẹ̀gẹ́ ní ìdájí. Bó bá fi máa dé, oorun tó ń sùn lẹ́yìn àmù ti di oorun gidi.

Kí Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 oṣù kẹjọ, tó dé, tí àlejò aláṣọ funfun yóò kún agbolé, ẹ jẹ́ kí ajá yín ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ọdọọdún ni wọ́n ń gún un. Ẹ wá dókítà ẹran tó sún mọ́ yín; ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì FUNAAB sì wà ní Abẹ́òkúta fún ẹni tó bá lè débẹ̀.

Ẹyin adìẹ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni Tanímọ̀la kò tíì jáwọ́ nínú rẹ̀. Ó ń fẹnu gbé e láìfọ́, ó ń lọ jẹ ẹ́ nídìí peregún, a kì í sì í ká a mọ́ ọn kí a lè sọ “Dúró.” Ẹni tó bá ti borí èyí nílé tirẹ̀, kó kọ̀wé sí wa kí ìwé tó ń bọ̀ tó jáde.